Ọjọ́ Ìbí Mi Tí Gbogbo Ayé Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ni wọ́n bí mi, ní Abẹ́òkúta, nílé ìyá bàbá mi, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mi ò fojú bù ú. Kì í ṣe pé ẹnì kan rántí pé iṣu tuntun ti jáde tàbí pé odò kún lọ́dún yẹn. Akọ̀wé ni bàbá mi nílé iṣẹ́ rélùwéè. Ó mọ ọjọ́, ó mọ oṣù, ó mọ ọdún, ó sì mọ wákàtí. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń rìn ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lónìí, àwọn tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n sì fọwọ́ sọ̀yà kò pọ̀ rárá.

Mo ń sọ èyí nítorí pé mo ti pé ọgọ́rin ọdún, mo sì ti pinnu pé mi ò ní kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nínú. Kí àwọn tó ṣẹ̀ mí wá àga, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fara balẹ̀ kà á.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gba ọjọ́ ìbí mi lọ́wọ́ mi ni Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gan-an ni a gba òmìnira. Wọ́n kó gbogbo àwa ọmọ iléèwé lọ sí pápá, a tò nínú oòrùn, wọ́n fún wa ní ife tánganran tí wọ́n ya àsíá sí lára, wọ́n fún wa ní bisikíìtì, wọ́n ní kí a máa hó yèè. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó dúró tì mí pé, “Òní ni ọjọ́ ìbí mi o.”

Kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, “Ọjọ́ ìbí Nàìjíríà ni. Dákẹ́ jàre, tíṣà ń wò wá.”

Ọmọbìnrin yẹn ni Sàfúrátù. Ilé wọn kọjú sí tiwa. Gbogbo ayé ń pè é ní Alhaja báyìí, ṣùgbọ́n Sàfù lásán ni lẹ́nu tèmi. Òun ni ẹni kejì tó gba ọjọ́ náà, ojú mi kòrókòró ló sì ti gbà á.

Nígbà tí a fẹ́ wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Ọba, èmi àti Sàfù la jọ lọ sí ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù l'Ékòó. Akọ̀wé kan tó fi pẹ́ńsù há etí bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí mi. Mo sọ ọ́ ketekete. Ó yíjú sí Sàfù. Sàfù wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Ọjọ́ kan náà, sà.”

“Ọdún ńkọ́?”

“Ọdún kan náà, sà.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ Òmìnira méjì,” ó sì kọ ọ́. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Sàfù níhà. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, “Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n sọ fún un pé mi ò mọ̀?” Mo rò pé ti ọjọ́ yẹn nìkan ni. Mi ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú pásípọ́ọ̀tù ti di òótọ́ títí ayé nìyẹn. Mi ò sì mọ̀ pé lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ báyìí ń ṣẹlẹ̀ níwájú tábìlì yẹn. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ wá sí akọ̀wé lọ́kàn ni wọ́n ń fún un, kò sì sí ọjọ́ tó tètè ń wá sọ́kàn akọ̀wé ìjọba bí ọjọ́ òmìnira.

*

Inú yàrá kan ní Stockwell la jọ kọ́kọ́ gbé. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe òtútù, nítorí wọ́n ti sọ fún wa nípa òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn èèyàn ni. O lè bá ènìyàn gun àtẹ̀gùn kan náà lóṣù mẹ́ta kó má mọ̀ bóyá o lẹ́nu. Onílé wa nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Láràárọ̀ ló ń bi mí pé ṣé ara mi dá. Èmi ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, mo máa dúró, mo máa dá a lóhùn lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́: ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀, mi ò sùn dáadáa lánàá, lẹ́tà kò tíì dé láti ilé, ẹran tí a jẹ kò jinná. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Sàfù ló là mí lóye. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Wọn kì í dúró gbọ́ ọ! ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ ni kó o wí, kó o máa lọ!”

Nílé ìwòsàn, bàbá òyìnbó kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìrọ̀rí òun. Ó ní òun ń dúró de nọ́ọ̀sì gidi. Mo ní kò burú. Mo lọ tọ́jú ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, mo fọ ojú egbò rẹ̀, mo dì í láì jẹ́ kó ké rárá, bàbá náà sì ń wò mí láti abẹ́ gíláàsì rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí nọ́ọ̀sì mìíràn bá sún mọ́ ọn, ó máa ń pariwo pé ti òun ni òun fẹ́. Mi ò yára dá a lóhùn. Mo jẹ́ kó pè mí dáadáa kí n tó lọ. Nígbà tó yá, mo di Sístà, èyí ni pé èmi ni olórí wọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí dòní. Sàfù ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nígbà yẹn, ó ṣí ìsọ̀ aṣọ, ó lọ sí Mẹ́kà, ó kó lọ sí Forest Hill.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ nípa ọjọ́ ìbí mi àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo jókòó nínú kóòtù mi, mo ń retí kí Sàfù dé kí ó sì rántí. Sàfù ti lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ṣe àjọ̀dún òmìnira. Ó sọ fún gbogbo wọn pé ọjọ́ ìbí òun ni. Wọ́n kọrin fún un. Wọ́n ra kéèkì fún un. Nígbà tó wọlé, ó gbé ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù fún mi nínú bébà, ó ní, “Gbà, mo rántí rẹ.” Bí mo ṣe jẹ ìyókù kéèkì ọjọ́ ìbí ara mi nìyẹn.

Mi ò sọkún. Ṣùgbọ́n mo fi í sọ́kàn.

*

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn náà dá sí i. Mi ò tíì pé àádọ́ta ọdún nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọjọ́ náà lélẹ̀ fún àwọn arúgbó gbogbo ayé. Èmi tí mo ṣì ń sáré gba bọ́ọ̀sì! Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ọjọ́ yẹn ni Oṣù Ìtàn Àwọn Aláwọ̀ Dúdú ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ilé ìkàwé máa ń lẹ àwòrán mọ́ ara gíláàsì, wọ́n á sì rọ̀ mí kí n wá sọ ìtàn ìgbésí ayé mi, láìmọ̀ pé ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọkùnrin ará Ṣáínà tó ni ìsọ̀ lábẹ́ fúláàtì mi máa ń gbé àsíá pupa kékeré síta. Mo bi í. Ó ní ọjọ́ orílẹ̀-èdè àwọn ni. Mo ní, “Ẹ̀yin náà?” Ọjọ́ kan ṣoṣo, ó kún bíi bọ́ọ̀sì 12 láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ni mo wà ní ìdúró.

Làmídì, àbúrò mi tó wà nílé, tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo ti wá sílùú Ọba, kì í gbàgbé láti fóònù mi lọ́jọ́ náà. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjọ̀dún òmìnira o! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Kò síná níbí o, láti àná.”

“Mo ń gbọ́ ẹ. Kí ni òní, Làmídì?”

“Òmìnira ni, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kí ni mìíràn?”

Ó máa ronú. Lọ́dún kan, ó ronú títí, inú mi ti ń dùn, ó wá ní, “Háà! Ẹ bá mi kí Alhaja Sàfù o. Ọjọ́ ìbí wọn ni. Mo rí i lórí wọ́sáàpù.”

Mo pa fóònù.

Nígbà tí Sàfù ṣe ọgọ́ta ọdún, ó ní kí n wá. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n fi mí jókòó sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Nígbà tí a ń lọ, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ife kan tí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sí. Ẹ̀rín rẹ̀ gba gbogbo ara ife náà, wọ́n sì kọ ọjọ́ ìbí mi sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Mo ṣì ní ife náà. Ó dára púpọ̀ fún bíbomi rin òdòdó.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé ọjọ́ lásán ni, kí ló dé? N ó sọ ohun tó dé. Ẹni tó wà nílé baba rẹ̀ lè jẹ́ kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọjá láìbìkítà, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé wọ́n bí i. Nílẹ̀ àjèjì, kò sí ẹni tó rí ọ nígbà tí o wà ní kékeré. Kò sí ẹni tó mọ ohùn ìyá rẹ. Ohun tí o lè fi hàn pé ibì kan ni o ti wá kò ju orúkọ rẹ àti ọjọ́ tí wọ́n bí ọ lọ. Orúkọ mi, wọ́n ti sọ ọ́ dìdàkudà ní wọ́ọ̀dù láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọjọ́ náà ló kù.

*

Ní Peckham níbí, nítòsí Rye Lane, ẹgbẹ́ àwa àgbà ní gbọ̀ngàn kan tí a ti ń pàdé ní ọjọ́rú. A ń jẹun, a ń jó jẹ́jẹ́ lórí àga, a ń sọ̀rọ̀ àwọn tí kò wá. Jánẹ́ẹ̀tì, obìnrin òyìnbó kan tí ọkàn rẹ̀ dára, ló ń bójú tó wa. Òfin kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn: ẹni tó bá pé ọgọ́rin ọdún, òun ló ni ọjọ́ yẹn. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń wà lórí kéèkì. Òun ló ń yan oúnjẹ. Òun ló ń gba makirofóònù.

Mo ti ń retí ọgọ́rin yìí bí ọmọdé ṣe ń retí Iléyá. Kí orúkọ mi nìkan ṣáà wà lórí kéèkì kan, lẹ́ẹ̀kan láyé mi, lọ́jọ́ mi. Jánẹ́ẹ̀tì wá bá mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ní òun ní ìròyìn ayọ̀: Alhaja náà pé ọgọ́rin lọ́jọ́ kan náà! Òun yóò kọ orúkọ méjèèjì.

Mo ní, “O ò ní kọ méjì.”

“Ṣùgbọ́n Sístà, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Ó wà nínú ìwé rẹ̀.”

“Jánẹ́ẹ̀tì, má kọ orúkọ kankan sí i. Tó bá di ọjọ́ náà, mo máa sọ̀rọ̀, gbogbo ènìyàn yóò sì mọ orúkọ tó yẹ kó wà níbẹ̀.”

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Sàfù fóònù. Kò kí mi.

“Mo gbọ́ pé o fẹ́ sọ̀rọ̀.”

“O gbọ́ dáadáa.”

“Ní gbangba?”

“Ṣé ìkọ̀kọ̀ lo ti gbà á ni? Iwájú akọ̀wé ìjọba lo ti gbà á.”

Ó ní, “Aṣọ wo lo máa wọ̀?”

“Kò kàn ọ́.”

“Má wọ aláwọ̀ ewé yẹn. Ó ń mú kí o dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn.” Ó pa fóònù rẹ̀. Mo wọ aláwọ̀ ewé.

*

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun káàkiri gbọ̀ngàn. Kéèkì wà lórí tábìlì, ó funfun báláú, kò sí orúkọ kankan lórí rẹ̀. Sàfù jókòó níwájú pẹ̀lú gèlè tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ ní láti tẹ ọrùn. Jánẹ́ẹ̀tì gba makirofóònù. Ó kí wa kú Ọjọ́ Àwọn Àgbàlagbà, ó kí wa kú òmìnira, ó wá ní òun fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá bọ́ sí òní dìde, kí a lè kọrin fún wọn.

Mo dìde. Sàfù dìde. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí àga ń dún. Bàbá Gànì tó ti wa bọ́ọ̀sì ní Camberwell fún ọ̀pọ̀ ọdún dìde. Aya rẹ̀ dìde. Obìnrin tó máa ń hun súwẹ́tà dìde. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìdajì àwọn Yorùbá inú gbọ̀ngàn náà ti wà lórí ìdúró, wọ́n ń wo ilẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé.

Jánẹ́ẹ̀tì fọwọ́ bo ẹnu. “Gbogbo yín? Báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?”

Bàbá Gànì ló dá a lóhùn pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó dán. Ó ní, “Madam, ọyẹ́ ni. Nínú oṣù kìn-ín-ní, òtútù ọyẹ́ máa ń mú gan-an nílé wa. Àwọn òbí wa máa ń tètè lọ sùn. Ẹ ka oṣù mẹ́sàn-án sí i.”

Jánẹ́ẹ̀tì kà á pẹ̀lú ìka rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ilé wó fún ẹ̀rín. Ó nawọ́ makirofóònù sí mi.

Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ti ń sọ ọ́ nínú ilé ìwẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gba makirofóònù, mo gbọ́ ohùn wẹ́wẹ́ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́.

“Sístà, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ yìí ni pẹ́ńṣọ̀n wa dúró lé o!” Bàbá Gànì nìyẹn.

“Sístà, ẹ rántí pé a ò tíì jẹun!” Aya rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀. Yorùbá ni mo fẹ́ sọ, Jánẹ́ẹ̀tì ò gbọ́ ọ. Pẹ́ńṣọ̀n yín ò kàn mí, Bàbá Gànì. Ẹ̀yin, akọ̀wé ló fún yín ní ọjọ́ tiyín. Mo ti dárí jì yín. Ẹnì kan wà nínú yín tí kì í ṣe akọ̀wé ló fún un. Ó ti ẹnu mi gbà á. Ó gbà á pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ó fi kọrin, ó fi gba ẹ̀bùn, ó tẹ̀ ẹ́ sára ife. Èmi tí mo ni ín, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí. Mo fẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ níwájú yín pé tèmi ni ọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà, a lè jẹun.”

Jánẹ́ẹ̀tì ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé àdúrà ni mo ń gbà.

Sàfù fi ọ̀pá rẹ̀ rìn wá. Ó gba makirofóònù lọ́wọ́ mi. Mo ti múra dè é, mo mọ gbogbo irọ́ tó lè pa. Kò pa ọ̀kankan.

Ó ní, “Òótọ́ ló sọ. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n o. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni ìyá mi kú. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ ọjọ́ náà nílé wa. Bàbá mi mọ̀ ọ́n, ó sì gbé e lọ sí sàréè. Ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Nílé Sístà yìí ni. Bàbá rẹ̀ á din ẹyin, á gé búrẹ́dì, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, ‘Sàfù, máa bọ̀, òní ni a rí ayọ̀.’ Nígbà tí akọ̀wé bi mí ní ọjọ́, ọjọ́ tí mo mọ̀ ni mo sọ.”

Mo mọ̀ pé Sàfù kò ní ìyá. Gbogbo àdúgbò mọ̀. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ni ìyá náà kú. Obìnrin tó ń hun súwẹ́tà ti ń nu ojú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ohun tó wá sí mi lọ́kàn: mo bínú. Ẹjọ́ tí mo ti ń kó jọ láti ìgbà èwe mi, ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi.

Mo ní, “O lè béèrè. O lè sọ fún mi ní Stockwell. O lè sọ fún mi lọ́jọ́kọ́jọ́.”

Ó ní, “Tí mo bá béèrè, ṣé wàá fún mi?”

Mo ní, “Rárá.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àní Sàfù náà. Ó wá nà ró, ó sọ ọ́ sínú makirofóònù ní Yorùbá, ó tún un sọ ní gẹ̀ẹ́sì kí Jánẹ́ẹ̀tì lè gbọ́: ọjọ́ ìbí Sístà ni lónìí, ti Sístà nìkan, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí kéèkì náà. Ó fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó.

Jánẹ́ẹ̀tì bi Bàbá Gànì pé kí ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Bàbá Gànì ní, “Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún kéèkì.”

Jánẹ́ẹ̀tì fi súgà aláwọ̀ ewé kọ orúkọ mi. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni, gbogbo rẹ̀ pé. Wọ́n kọrin fún mi. Mo gé e. Mi ò ní tan yín jẹ, ó dùn. Mo jẹ méjì.

*

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Làmídì fóònù. Mo ti múra sílẹ̀ fún òmìnira.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ ìbí o! Ọgọ́rin ọdún! Ẹ ò ṣe sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá?”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Alhaja Sàfù ni wọ́n gbé e sórí wọ́sáàpù. Fọ́tò yín ni, ẹ gbé ọ̀bẹ dání. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ọjọ́ yìí, pé àwọn ò ní tiwọn.”

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Ó yẹ kí n sùn bí ọba. Mo jókòó nídìí tábìlì, mo ṣí kàlẹ́ńdà tí wọ́n fún wa ní ẹgbẹ́, èyí tí wọ́n kọ gbogbo ọjọ́ pàtàkì ayé sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ tó ṣófo. Kò sí. Ọjọ́ wà fún àwọn olùkọ́, ọjọ́ wà fún fífọ ọwọ́, àní ọjọ́ wà fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti kún. Ó dà bí Peckham. Kò sí yàrá kan níbí tí ẹnì kan kò ti gbé rí kí o tó dé, kò sì sí èyí tí ẹlòmíràn kò ní wọ̀ lẹ́yìn rẹ. Nígbà tí a dé Stockwell, a rí ìṣó lára ògiri níbi tí àjèjì kan ti fi àwòrán ìyá rẹ̀ kọ́. A fi tiwa kọ́ síbẹ̀. A kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo wá rí ọjọ́ kan tó wù mí. Ó wù mí gan-an. Mo rẹ́rìn-ín èmi nìkan nínú ilé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró títí aago mẹ́sàn-án fi lù, kí káàdì ọ̀fẹ́ mi tó lè ṣiṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì 197 lọ sí Forest Hill. Sàfù ṣí ilẹ̀kùn. Kò wé gèlè. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ, ohun tó dára láti rí.

Ó ní, “Kí lo tún fẹ́ gbà?”

“Mo wá fún ọ ní nǹkan ni. Òní ni ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá. Mú un. Tìẹ ni.”

Ó wò mí. “Ẹnì kankan kò ní in?”

“Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní in. Wọ́n ní ọjọ́ àìjà ni, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lu ẹnikẹ́ni. Èmi àti ìwọ lè gbìyànjú rẹ̀.”

Ojú rẹ̀ ń tàn díẹ̀díẹ̀, ó sì fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní, “Kí ló dé tó jẹ́ òní? Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló wà láàárín ọdún.”

“Nítorí pé tí wọ́n bá bí mi lánàá, tí wọ́n wá bí ọ lónìí, ọjọ́ kan ni mo fi jù ọ́ lọ. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ọdún kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí, Sàfù. Má pè mí ní ìwọ mọ́.”

Ó di ẹnu ọ̀nà mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní mo ti ya wèrè, ó ní ọ̀tá ni mí láti kékeré, ó ní òun mọ̀ pé n kò lè wá lásán. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ eékún rẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba tí eékún ọgọ́rin ọdún lè tẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wọlé, kí òtútù má baà mú yín.”

Mo gbọ́ ọ. Mi ò wọlé kíákíá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí etí rẹ̀ kò dá a lójú, kí ó lè tún un sọ.